Eyín Tí Mo Jù Sórí Pánù

Òórùn kánáfùrù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lórí àtẹ̀gùn ilé wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Yàrá Àlàájà ló ti ń wá, ní òkè lọ́hùn-ún, níbi tí ìyá àgbà tó ni ilé ti ń tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò kékeré kan lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì wọn. Ẹnikẹ́ni tí eyín bá ń dùn nínú ilé náà, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbà lọ. Wọ́n á ní kó la ẹnu, wọ́n á ki kánáfùrù kan bọ ibi tó ń dùn ún, wọ́n á ní kó deyín mọ́ ọn, kó sì yéé ráhùn. Tí ìyẹn kò bá ràn án, wọ́n á ní kó fi omi oníyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yọ ẹnu. Gbogbo ìmúrasílẹ̀ tí a ní nínú ilé fún ọ̀rọ̀ eyín nìyẹn, ó sì tó wa, torí pé eyín ríro nìkan la mọ̀. Kò sẹ́ni tó rò ó pé eyín lè dédé fò yọ lẹ́nu ọmọ lọ́sàn-án gangan, tòun ti gbòǹgbò rẹ̀. Ọjọ́ tó wá ṣẹlẹ̀, èmi ni mo ṣe ohun tí kò yẹ kéèyàn ṣe. Mo ju eyín náà sórí pánù. Kì í ṣe pé ó já bọ́ lọ́wọ́ mi o, ọ̀rẹ́ mi. Mo fi apá jù ú ni, mo tiẹ̀ tún rẹ́rìn-ín sí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni eyín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà tí wọ́n gbàgbé sínú aṣọ ilé ìwé. Ìyá rẹ̀ ń ta edé àti ẹja gbígbẹ ní ọjà Sandgrouse. Ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, nítorí náà èmi ni mo máa ń dúró ti ọmọ títí ìyá rẹ̀ yóò fi dé. Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe, mo máa ń fa wáyà sí ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Ìwé mi kò lọ jìnnà, àmọ́ mo gbà pé mo lójú inú, mo sì gbà pé kò sí ohun tó lè ṣe ọmọ kan nílé tí n kò ní mọ ọ̀nà rẹ̀. Bí èèyàn ṣe máa ń rò ó nìyẹn kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo tú fáànù oníbàárà kan palẹ̀, mo ń wá ibi tí wáyà rẹ̀ ti já. Àwọn ọmọbìnrin ilé ń ṣe tẹ́ǹ-tẹ́ǹ lójúde, eré tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí, tí wọ́n ń fò sókè, tí wọ́n sì ń na ẹsẹ̀ síra wọn. Ẹnì kan ti fọṣọ láàárọ̀, omi ọṣẹ rẹ̀ kò sì tíì gbẹ tán lórí sìmẹ́ńtì. Ohun tó jẹ́ kí n gbójú sókè kì í ṣe igbe. Àtẹ́wọ́ ló dákẹ́. Mo rí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń dìde nílẹ̀ níbi tí ẹnu rẹ̀ ti lọ gbá etí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde, ó ń kán sí àyà búláòsì rẹ̀. Eyín iwájú kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sálúbàtà rẹ̀.

Kò sunkún. Ojú mi ló ń wò, bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ṣubú, kí wọ́n lè tinú rẹ̀ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà tó ẹkún. N kò sì fẹ́ kó sunkún. N kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́ lójú ọ̀nà pé ọmọ ń ké. Mo bá sọ ọ́ di ẹ̀rín. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é nígbà tí a wà ní kékeré: eyín á yọ, wọ́n á kó òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, wọ́n á jù ú sórí òrùlé kí tuntun lè hù, ọmọ náà kò sì gbọ́dọ̀ la ẹnu kí aláǹgbá má bàa rí ojú ihò. Tí aláǹgbá bá rí i, eyín kò ní hù mọ́. Àlàájà ló kọ́ gbogbo ọmọ ilé náà, wọ́n kọ́ èmi náà. Bí mo ṣe ṣa òkúta nìyẹn, mo kó o mọ́ eyín ní àtẹ́lẹwọ́ mi, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn, mo sì jù ú sókè. Mo gbọ́ bí ó ṣe ró lórí pánù ilé ìdáná, kó-kó-kó, bíi ìgbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà tẹ̀lé mi. Ó ń fa ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo nàka sí aláǹgbá kan tó wà lára ògiri, mo ní, “Pa ẹnu dé, ó ń wò ẹ́.” Ó sì pa á dé. Ọmọ tó gbọ́ràn ni. Mo ti ro ìyẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀: pé ọmọ náà fẹ́ sọ fún mi, èmi ni mo sì fi aláǹgbá dí i lẹ́nu.

Ẹ̀jẹ̀ kò dá bọ̀rọ̀. Mo mú un lọ sí kẹ́míìsì tó wà ní orígun àdúgbò láti ra òwú àti oògùn ara ríro. Obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan ló ni kẹ́míìsì náà, ó ti mọ̀ mí láti ìgbà tí mo ti ń wọ ṣòkòtò péńpé. Ó gbé ọmọ jókòó, ó ká òwú róbótó, ó ní kó deyín mọ́ ọn, ó fi omi inú ọ̀rá tó tutù lé ètè rẹ̀ tó ti wú. Gbogbo ìyẹn ló fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé eyín ọ̀hún dà. Mo ní ó ti wà lórí pánù. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé eyín ọmọdé ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ọmọ náà fa òwú yọ lẹ́nu.

“Rárá o, Àǹtí. Ti ọmọdé ti yọ tipẹ́. Èmi àti Bọ̀ọ̀dá yìí la jọ jù ú. Èyí tó hù padà nìyí.”

Mo rántí lójú ẹsẹ̀. Ojú ibẹ̀ gan-an ni, iwájú, lápá ọ̀tún. Mo rántí bí ó ṣe ń fò sókè lọ́jọ́ náà tó ní òun fẹ́ kí tuntun yá. Obìnrin náà kò pariwo lé mi lórí, kò sì bú mi. Ó kàn yí padà sí mi, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kà á sí mi létí lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Sáré lọ mú un wá. Orí rẹ̀ ni kí o dì mú, ibi tó ń dán. Má fọwọ́ kan gbòǹgbò, má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, má nù ún. Inú mílíìkì tútù ni kí o sọ ọ́ sí. Tó bá fi lè gbẹ, ó kú nìyẹn.”

Ó ní wọ́n lè dá eyín àgbà padà sí àyè rẹ̀ tí a bá tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín, kó má ju wákàtí kan lọ, tó bá sì yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sàn. Ó ní òun á tẹ ilé ìwòsàn láago pé a ń bọ̀. Mo ti wà lójú títì kó tó parí rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, oníná tí kò ní àkàbà nílé ni mí lọ́jọ́ náà. Mo ti fi í sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọbáléndé níbi tí mo ti fẹ́ parí iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Pánù ilé ìdáná sì nìyí, ó ga ju ọwọ́ lọ, ògiri rẹ̀ kò sì ní ibi tí èèyàn lè tẹ̀ gùn. Fèrèsé kan ṣoṣo ló kọjú sí i, ti yàrá Àlàájà ni. Kò sí ọkùnrin tó ń wọ yàrá yẹn, àfi ọmọ bíbí wọn. Nígbà tí mo gun àtẹ̀gùn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n wà lórí ẹní ìrun, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ wọn, ètè wọn ń mì. Mo dúró. N kò tíì mọ bí iṣẹ́jú díẹ̀ ṣe ń gùn tó rí. Mo ń rò ó pé oòrùn wà lókè pánù yẹn, pé eyín kékeré yẹn ń gbẹ, pé ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà yìí máa fi ihò rẹ́rìn-ín títí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ nítorí tèmi.

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí mi, wọ́n sì gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀. Mo rò fún wọn. Wọ́n ní, “Eyín àgbà lo kó òkúta mọ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, kí n má tẹ ẹní wọn mọ́lẹ̀, kí n gba ojú fèrèsé. Mo gbé ẹsẹ̀ kan jáde, mo wo bí pánù náà ṣe dógùn-ún tó, mo sì dúró díẹ̀.

“Ìwọ tó ń gun òpó iná kiri Ọbáléndé. Pánù tí à ń sá ata sí ló wá ń bà ọ́ lẹ́rù.”

Mo bọ́ sí i. Ó gbóná débi pé mo ń jó lórí rẹ̀. Àlàájà yọrí síta lẹ́yìn mi, wọ́n ń fi tẹ̀súbáà júwe: wo apá ibẹ̀ yẹn, rárá, apá kejì, wo ẹ̀yìn táyà. Wọ́n ti gbé ògbólógbòó táyà kan lé pánù náà kí atẹ́gùn má bàa ṣí i. Mo kúnlẹ̀, mo tẹjú mọ́ ọn. Síbí oníke kan wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ sálúbàtà kan wà níbẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ sì pọ̀ lọ bí ẹ̀wà. Eyín méjì ló wà láàárín wọn.

Ìgbà tí mo rí méjèèjì pọ̀ ni ó tó yé mi. Ọ̀kan kéré, ó funfun bí ẹfun, kò ní nǹkan kan nísàlẹ̀, ńṣe ló rí bí ìdajì èkùrọ́. Èkejì gùn. Gbòǹgbò rẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ṣì ní ọ̀rinrin díẹ̀ lára níbi tí òjìji táyà ti bò ó. Ká ní mo ti wò ó nígbà tó wà lọ́wọ́ mi ni, ojú nìkan ì bá ti sọ fún mi. Mo fi ìka méjì mú èyí tó gùn níbi orí rẹ̀. Mo fi èkejì sílẹ̀ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ti ọmọ náà. Ó sì lè jẹ́ tèmi.

Kí n tó padà wọlé, Àlàájà ti ṣí fìríìjì kékeré wọn, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn nínú ilé, wọ́n ti mú mílíìkì olómi inú páálí tí ọmọ wọn máa ń rà fún wọn, wọ́n ti dà á sínú ife oníke tó ní ìdérí. Mo sọ eyín náà sí i, ó rì, a sì dé e. Wọ́n ní kí n sọ fún dókítà pé mílíìkì tí wọ́n fi ń mu tíì ni o, kó fọwọ́ gidi mú un. N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún.

Mo yà mú ọmọ ní kẹ́míìsì. Ilé ìwòsàn eyín náà kò jìnnà, ẹsẹ̀ la fi rìn ín, torí pé ọjà ti dí gbogbo ojú ọ̀nà. Mo di ife mú sí àyà, ọmọ náà di bẹ́líìtì mi mú, òwú wà lẹ́nu rẹ̀. À ń yà fún alábàrù, à ń yà fún ẹni tó gbé àwo ìgbín sórí. Ọkùnrin kan tí mo ti fa wáyà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí kígbe sí mi láti ìdí ọjà rẹ̀ pé, “Oníná, tíì ta lò ń gbé sáré báyìí?” Ọmọ náà ló gbé ojú sókè wò mí, mo sì rí i pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín tòun ti ètè tó wú yẹn. Ìgbà náà ni ọkàn mi tó kọ́kọ́ balẹ̀ díẹ̀.

Dókítà obìnrin kan tí kò dàgbà jù mí lọ púpọ̀ ló gbà wá. Ó ṣí ife, ó wo inú rẹ̀, ó wò mí. Ó ní ta ló ní ká fi sínú mílíìkì. Mo ní oníkẹ́míìsì ni. Ó ní ó ṣe dáadáa. Wọ́n mú ọmọ wọlé, wọ́n ní kí n dúró síta. Nígbà tí wọ́n pè mí, eyín náà ti wà ní àyè rẹ̀, wáyà tín-ín-rín kan sì so ó mọ́ àwọn ẹnìkejì rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mo ti ń so wáyà láti ìgbà tí mo ti gba fírídọ̀ọ̀mù, n kò rí èyí tó wù mí bẹ́ẹ̀ rí. Dókítà ní òun kò lè búra. Ó ní eyín náà ti rí oòrùn, ó sì lè má gbà, àmọ́ ká máa mú un bọ̀ wá, kó máa jẹ nǹkan rírọ̀, kó má fi iwájú gé nǹkan kan.

Ibẹ̀ la wà tí ẹ̀gbọ́n mi, tí oníkẹ́míìsì ti pè láago, fi já wọlé láti Sandgrouse, ìró rẹ̀ tú, òórùn edé bo gbogbo yàrá. Ó kọ́kọ́ gbá ọmọ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló tẹ́tí sí dókítà, ó sì gbọ́ ibi tó ti ní eyín náà ti rí oòrùn. Ó bèèrè pé oòrùn wo. Dókítà ní orí òrùlé ni wọ́n ti lọ mú un. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó wo ọmọ.

“Ta ló jù ú síbẹ̀?”

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ ọ́, mo búra fún ọ. Àmọ́ ọmọ náà ti fi ohùn tó dì nítorí òwú sọ pé, “Èmi ni, Mọ́mì.” Ẹ̀gbọ́n mi pòṣé, ó bá a wí níwájú dókítà àti nọ́ọ̀sì: ṣé orí rẹ̀ pé, ṣé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í dúró bèèrè lọ́wọ́ àgbà ni, ó wà pẹ̀lú àgbà nílé, ó ń ṣe bó ṣe wù ú. Ó wá yíjú sí mi, ó ní mo ṣé o, pé ọpẹ́lọpẹ́ mi tí mo gun pánù. Mo ní kò tọ́pẹ́. Ohun tí mo fi ẹnu mi sọ nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Kò tọ́pẹ́.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ wá ọkọ̀, mo bi í jẹ́ẹ́jẹ́ pé kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé èjìká. Ó ní, “Ọwọ́ yín ń gbọ̀n.”

Eyín náà gbà. Wọ́n tú wáyà kúrò nígbà tó yá, wọ́n tún ṣe iṣẹ́ sí inú gbòǹgbò rẹ̀, ó sì dúró gbọn-in. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń fi í gé àgbàdo jẹ, ó sì ń fi í rẹ́rìn-ín sí mi. Tí mo bá rí i, ara mi á fúyẹ́, bíi ìgbà tí èèyàn bá jí tó sì rí i pé àlá ni. Mo ti ṣe páálí kan sílé fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: òwú àti aṣọ mímọ́ tí wọ́n ń fi di egbò, ife tó ní ìdérí, oògùn ara ríro tí oníkẹ́míìsì yàn fún ọmọdé àti fún àgbà, iyọ̀, àti mílíìkì páálí kékeré kan. Tí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára mílíìkì náà bá ti kù díẹ̀, ọmọ á mu ún, màá ra òmíì. Mo fi máákà kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn sára ògiri lábẹ́ mítà, níbi tí gbogbo ará ilé ti lè rí i. Kánáfùrù Àlàájà náà ṣì wà, a kò kọ̀ ọ́. Wọn kò sì fòfin de òrùlé. Ohun tó yí padà ni pé tí ọmọ kan bá gbé eyín lọ bá wọn báyìí, wọ́n á kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n á wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á bi í pé ṣé àkọ́yọ ni àbí èyí tó hù padà, kí wọ́n tó ní kó lọ ṣa òkúta. Gbogbo ọmọ tó ń ṣeré lójúde ló ti mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn náà fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Mo ti jókòó tì í ní Sandgrouse tó ń sọ ọ́, tó ń wọn edé, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń ní ẹ wo ọmọ tí mo bí, ó ju eyín ara rẹ̀ sórí pánù, ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò mi. Àwọn oníbàárà á wo ọmọ náà, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ti di Ìyá Onípánù. Òun á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, á sì wò mí fìrí kan, kì í ṣe ìwò ẹni tó ń dúró de nǹkan. Ì bá tiẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Bíi pé ó ti fi í jì mí pátápátá, tó sì ti gbàgbé ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gba ìbáwí tó jẹ́ tèmi, ó sì tún ń gba yẹ̀yẹ́ rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Gbólóhùn kan péré ni mo jẹ ẹ́, kí n sọ ọ́ níwájú ìyá rẹ̀, kí òun náà wà níbẹ̀ kó gbọ́: èmi ni mo jù ú. N kò tíì sọ ọ́.